Etí Jímọ̀ àti Orin Aláàárù

Bí àlejò bá wọ Ṣakí tó ní ilé Jímọ̀ Abíọ́nà lòun ń lọ, ọlọ́kadà á máa wò ó bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n tó bá ní ilé géèmù Bàbá Ṣùkúrù, kò ní tíì parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n á ti ní kó gùn. Wọ́n á gbé e gba ẹ̀yìn gáréèjì, wọ́n á já a sílẹ̀ níwájú ilé kan tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ariwo inú ilé náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ àdúgbò fi mọ ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Àkùkọ kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí kì í kọ, àfi tí wọ́n bá gbá pẹnáritì. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi àkùkọ náà.

Jímọ̀ fúnra rẹ̀ kì í gbá géèmù. Ó fọwọ́ kan páàdì lẹ́ẹ̀kan rí, ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n sì rìn tààrà bọ́ sínú odò, kò jáde mọ́ títí iná fi lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti yọwọ́. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà.

Etí yìí sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. Kí Jímọ̀ tó di onílé géèmù, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, iṣu àti àgbàdo ló ń kó láti Ìjió wá sí Ṣakí. Ọkọ̀ náà ti gbó, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan, okùn ni wọ́n fi so ó, ṣùgbọ́n fèrè rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ lójú ọ̀nà. Fèrè olóhùn mẹ́ta ni, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè, Jímọ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sọ̀rọ̀. Tó bá ku díẹ̀ kó wọ̀lú, á fọn ọ́n: "Àtinúkẹ́, mo dé! Àtinúkẹ́, mo dé!" Àtinúkẹ́ ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ nígbà náà. Tó bá fọn ọ́n tán, iṣu á mì nínú ebè lápá ọ̀tún, á mì lápá òsì.

Bàbá Ládòkun, bàbá Àtinúkẹ́, ló gbọ́ fèrè yìí sódì. Ní etí tirẹ̀, "Àwo ńlá, mo fẹ́! Àwo ńlá, mo fẹ́!" ló ń wí. Ohùn kan náà sì ni. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó fi imú kọ méjèèjì wò.

"Irú ọmọ wo lèyí?" Bàbá Ládòkun a máa pariwo láti àárín oko. "Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ń béèrè àwo ńlá! Ṣé ọmọ mi ló fẹ́ fẹ́ ni, àbí ìkòkò ọbẹ̀ mi?"

Ìyá Àtinúkẹ́ ló jókòó tì í, tó la ọ̀rọ̀ náà yé e. Baba gbà, ṣùgbọ́n kò gbà tán. Lọ́jọ́ ìsoyìgì, àwo tó ní kí wọ́n fi gbé oúnjẹ síwájú Jímọ̀ tóbi débi pé ewúrẹ́ lè wẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì dúró ti ọkọ ìyàwó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ọdún gorí ọdún, ojú Jímọ̀ kò gba iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú mọ́, ló bá ta ọkọ̀ náà. Ṣùkúrù ọmọ rẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà, ó fi tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ má jókòó lásán. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ àdúgbò máa wá gbá a." Bí ilé géèmù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nínú gbogbo géèmù ibẹ̀, ọ̀kan wà tí orúkọ òyìnbó tó wà lára páálí rẹ̀ gùn bí ìrìnàjò Mẹ́kà. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Aláàárù, torí ọkùnrin kúkurú kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń ru ẹrù gun òkè. Bó ṣe ń gun òkè ni orin kan ń dún lẹ́yìn rẹ̀, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ohùn sílẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá? Àwọn ọmọ Ṣakí ní ohun tó ń wí ni "Rọra gùn ún, rọra gùn ún." Àwọn ọmọ Ìlúà ní irọ́ ni, "Bomi là á, bomi là á" ló ń wí, pé ògì ni ọkùnrin náà rù. Wọ́n ti tìtorí ẹ̀ wọ̀yá ìjà rí, tí ẹnì kan fi wọ bàtà ẹsẹ̀ kan délé.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin náà ṣe. Wọ́n á gbà á sórí fóònù, wọ́n á gé e, wọ́n á fà á gùn, wọ́n á ki ìlù bọ̀ ọ́. Ọ̀kan tilẹ̀ ki igbe ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ bọ̀ ọ́, ewúrẹ́ náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun nílẹ̀ mọ́, ó ti di olórin. Rímíìsì làwọn ọmọ ń pè é, àtúnlù ni Jímọ̀ ń pè é. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí èyí tó dára jù, wọ́n yíjú sí i: "Bàbá Ṣùkúrù, ẹ bá wa dá a." Ó gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá a, kò sí ẹni tó rí nǹkan wí sí i. Ló bá di ọdọọdún. Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé Iléyá, wọ́n á ti Ìsẹ́yìn wá, wọ́n á ti Ìlúà wá, wọ́n á ti Ìjió wá. Àtúnlù ẹni tó bá borí ni wọ́n á máa fi ṣí ilé géèmù láràárọ̀ títí ọdún á fi yí po. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀bùn, ojú oyè ni wọ́n sì fi ń wò ó.

Òfin Jímọ̀ kò pọ̀. Yí orin náà bó o bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ta àtúnlù kan nù gbọ́dọ̀ sọ ohun tó gbọ́ tí orin náà wí, kó sọ ọ́ sókè, adájọ́ pàápàá.

Kẹ́hìndé, ọmọ télọ̀ kan láti Ìlúà, ti fojú winá òfin yìí rí. Ó gbé tirẹ̀ wá lọ́dún kan, ó ti yí ìdí ohùn náà po. Jímọ̀ mi orí.

"Kẹ́hìndé, 'Bomi là á' lẹ̀ ń wí ní Ìlúà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"'Bomi lé e' lèyí ń wí. Ta ló ní kó o bomi lé e? Ògì ti ṣàn lọ, gbogbo ará Ìlúà ò ní rí nǹkan mu láàárọ̀ ọ̀la!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí jẹnẹrétọ̀ fi kú. Kẹ́hìndé náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ tún un ṣe.

Ọyẹ́ tó kọjá ni nǹkan yí padà. Jímọ̀ gbé fóònù sí etí òsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé ẹni tó pè é ń bínú ni. Nígbà tó gbé e sí etí ọ̀tún, ohùn Ṣùkúrù ti há: "Bàbá! Bàbá! Ṣé kò sí o?" Wọ́n fọ etí òsì náà fún un ní ọsibítù, wọ́n kán oògùn sí i, kò là. Àtinúkẹ́ nìkan ló sọ fún.

"Ẹ sọ fáwọn ọmọ yìí," ni Àtinúkẹ́ wí. "Àìsàn kì í ṣe olè."

"Kí n wá sọ kí ni? Ojú mi kọ iná, mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Tí mo bá tún gbé èyí sílẹ̀, kí ló kù tí wọ́n á máa tìtorí ẹ̀ wá bá mi? Ta ló ń gbé orin lọ fún adití?"

Àtinúkẹ́ mọ̀ pé ọkọ òun kì í sunkún, ṣùgbọ́n ó máa ń tún fìlà rẹ̀ dé nígbà tí omijé bá fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ti tún un dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọgbọ́n tí Jímọ̀ dá ni pé ó yí àga rẹ̀. Kò kọjú sí sípíkà mọ́, ó fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, kí etí ọ̀tún lè wà níwájú. Àwọn ọmọ kò mọ̀dí. Wọ́n rò pé bí àwọn ọ̀gá ṣe ń gbọ́ orin nìyẹn. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé géèmù fi ń fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, tí ọrùn ń dùn wọ́n, tí wọ́n ń mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Jímọ̀ á wò wọ́n, á gbójú sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ìdíje wá pé. Wọ́n gbé sípíkà síta sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n to àga rọ́bà, gbogbo wọn sì yí àga wọn sí ẹ̀gbẹ́. Gbọ́láhàn, ọlọ́kadà tí ẹnu rẹ̀ máa ń sáré ju ọ̀kadà rẹ̀ lọ, ló mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání.

"Ẹ dákẹ́! Ẹni tó bá ń jẹ súyà, kó jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́! Ìlúà, ẹ̀yin lókàn. Kẹ́hìndé, ṣé ògì náà ti ki lọ́dún yìí?"

"Ó ti ki. Mú ṣíbí ẹ wá," ni Kẹ́hìndé fèsì.

Àtúnlù Kẹ́hìndé dún. Ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi ṣe ìlù rẹ̀, ó ń rán an lọ, ó ń rán an bọ̀, "Bomi là á" sì jáde láàárín rẹ̀ gbangba. Jímọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ará Ìsẹ́yìn kan fa tirẹ̀ gùn débi pé ọkùnrin kúkurú náà ì bá ti gun òkè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó lọ kí àna rẹ̀.

"Ó kan Ìjió," ni Gbọ́láhàn ké. "Àpọ́nlé, bọ́ síwájú!"

Àpọ́nlé ń kàwé ní Pólì tó wà ní Ṣakí. Ọdún tó kọ́kọ́ dé, kò mọ ẹnì kankan nílùú, yàrá tó gbà sì mú ooru bí inú ààrò. Ilé géèmù ló ti máa ń wá fi iná sí fóònù rẹ̀. Kì í gbá nǹkan kan. Á kàn jókòó lábẹ́ fáànù, Àtinúkẹ́ á bu kúnú fún un, ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé kí ló wá ṣe. Jímọ̀ kò rántí pé òun bá a sọ ju "Sún síbí, afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀" lọ.

Ó kúnlẹ̀ kí Jímọ̀, ó so fóònù mọ́ sípíkà. Ohùn ẹ̀rọ ìlọta ìyá rẹ̀ ní Ìjió ló kọ́kọ́ jáde, ó ń kùn, ó ń gbọ̀n, orin Aláàárù ń yọ orí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ohùn kan ṣoṣo ló kù, tó dà bíi fèrè ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ohùn márùn-ún ló fọn, ohùn tí kò sí nínú orin Aláàárù rí. Ó tún un fọn. Ó tún un fọn.

Ara Jímọ̀ ti kọ́kọ́ yá gágá nígbà tó gbọ́ fèrè. Lójijì ni ara rẹ̀ tutù. Fèrè náà ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì yé e ketekete.

Etí yín ti di. Etí yín ti di. Etí yín ti di.

Ó wo ojú àwọn ọmọ. Gbogbo wọn fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, wọ́n ń mi orí. Ta ló sọ fún un? Àtinúkẹ́? Rárá. Ọmọbìnrin yìí ló ti ń ṣọ́ ọ láti abẹ́ fáànù. Èyí tó tilẹ̀ dun Jímọ̀ jù ni pé ó bú u tán, ó tún fi "yín" sí i.

"Ẹ pa á!"

Orin dákẹ́. Jímọ̀ ti dìde, fìlà rẹ̀ ti wọ́.

"Mo ta á nù. Gbé fóònù rẹ. A kì í gba èébú níbí."

"Èébú kẹ̀?" Gbọ́láhàn gbàgbé láti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lẹ́nu, gbogbo gáréèjì sì gbọ́. "Èébú ta ni, Bàbá?"

"Ó mọ ẹni tó bú. Ẹni tí wọ́n sọ ní Àpọ́nlé! Kí ni wọn ì bá ti sọ àbúrò rẹ̀?"

Àpọ́nlé wà lórí eékún. "Bàbá, mi ò bú ẹnì kankan. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà fóònù rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjió ti ń kùn lẹ́yìn. Kẹ́hìndé ló dìde, ó sì yọ fìlà kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Òfin yín ni. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́. Nígbà tèmi, ẹ sọ ọ́, ojú tì mí dé Ìlúà."

Tí Jímọ̀ bá sọ ohun tó gbọ́, wọ́n á bi í pé ṣé òótọ́ ni. Tí kò bá sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ á kó ẹ̀gàn rẹ̀ lọ sí Ìjió, òun á sì jẹ́ adájọ́ tó ń fi ìbínú dájọ́. Ó wá ojú Àtinúkẹ́ láàárín èrò. Àtinúkẹ́ wà nídìí kúlà kúnú rẹ̀, igbá lọ́wọ́, ó ń wò ó.

"Bàbá Ṣùkúrù," ni obìnrin náà wí, "àwo ńlá."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wí, àfi ọkọ rẹ̀. Jímọ̀ rí Bàbá Ládòkun lójú ọkàn rẹ̀ bó ṣe dúró láàárín ebè, tí inú ń bí i sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ohun tí mo gbọ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, "ni 'Etí yín ti di.' Ó sì ti di lóòótọ́. Ti òsì yìí. Látinú ọyẹ́ ni."

Ewúrẹ́ olórin náà pàápàá kò ké.

"Háà!" Àpọ́nlé fò dìde. "Bàbá! 'Ilé yín tura' ni mo wí o! Ilé yín tura! Ibi tí mo ti ń jókòó lábẹ́ fáànù yín! Fèrè ọkọ̀ tí Ìyá Ṣùkúrù ń sọ fún wa ni mo ní kí n fi kí yín!"

Kẹ́hìndé fi imú kọ èkíní, ó fi imú kọ èkejì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo abẹ́ igi máńgòrò fi ń kùn bí ilé oyin, ilé yín tura, etí yín ti di, ilé yín tura, tí wọn ò fi mọ èyí tí àwọn ń kọ mọ́. Àtinúkẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, igbá kúnú sì dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni Gbọ́láhàn wí. "Bàbá, ṣé torí etí yẹn lẹ ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ jókòó?"

"Torí ẹ̀ ni."

"Ọrùn mi ti wọ́! Mo ti ń gun ọ̀kadà wọ́gọwọ̀gọ láti ìgbà yẹn, èrò ń rò pé mo mutí!"

Ẹ̀rín yìí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó rọlẹ̀, Jímọ̀ ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga rẹ̀, ó ń fà á sẹ́yìn.

"Àpọ́nlé, forí jì mí. Mo fi ìbínú dá a. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá ẹlòmíì tí etí rẹ̀ pé. Tèmi ti tó."

Àpọ́nlé di àga náà mú. "Tí etí yín bá ti di tó bẹ́ẹ̀, Bàbá, báwo lẹ ṣe gbọ́ èébú?"

"Báwo kẹ̀?"

"Ohùn márùn-ún ni mo fọn, ẹ sì gbọ́ márààrún bó ṣe rí, kò yẹ̀ níbì kan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ̀kan lódì, kò ní bá 'Etí yín ti di' mu rárá. Ọ̀rọ̀ nìkan lẹ ṣì, ẹ ò ṣi ohùn. Àwọn tó kù ńkọ́? Etí méjì méjì ni wọ́n ní, wọn ò gbọ́ nǹkan kan!"

Àwọn tó kù wolẹ̀. Òótọ́ ni.

Jímọ̀ wo àga, ó wo ọmọ tó dì í mú. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó fi ẹ̀gbẹ́ jókòó bó ti máa ń ṣe, kò sì fi ara pamọ́.

"Tún un fi síbẹ̀," ni ó wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó gbọ́ ọ dópin, ojú rẹ̀ dì. Gbogbo wọn ń retí pé Àpọ́nlé ló máa gbé ọdún yẹn lọ, Gbọ́láhàn tilẹ̀ ti la ẹnu láti kéde rẹ̀.

"Kẹ́hìndé ló borí," ni Jímọ̀ wí. "Àpọ́nlé, ìkíni rẹ dùn mọ́ mi, ọmọ mi, mi ò rí irú ẹ̀ gbà rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta ìyá rẹ ti pọ̀ jù, ó lọ Aláàárù mọ́ ata. Mi ò gbọ́ 'Rọra gùn ún' níbì kankan."

"Etí ọ̀tún lẹ fi gbọ́ ọ ni, Bàbá?" ni Àpọ́nlé béèrè.

"Ọ̀tún ni."

"Ó dáa, mo gbà," ni ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ òsì ni, ǹ bá pẹjọ́."

Ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ Kẹ́hìndé ni wọ́n fi ń ṣí ilé géèmù báyìí láàárọ̀, gbogbo ará ẹ̀yìn gáréèjì sì ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ ṣì ń fi ẹ̀gbẹ́ jókòó gbọ́ orin. Wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lára, àfi Gbọ́láhàn tó lọ bá àwọn tó ń wọ́ra ní Ìsẹ́yìn kí wọ́n bá a na ọrùn rẹ̀. Tí Jímọ̀ bá sì ń gba orin wọlé, Àpọ́nlé ló máa ń jókòó sápá òsì rẹ̀.

Fèrè rẹ̀ náà kò ṣègbé. Àtinúkẹ́ ní kí wọ́n fi í sórí fóònù ọkọ òun, kó máa dún tí ẹnikẹ́ni bá pè é. Tó bá dún tí Jímọ̀ kò tètè gbé e, Àtinúkẹ́ á yọjú láti ibi ìdáná.

"Bàbá Ṣùkúrù, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí fóònù yín ń wí ni?"

"Mo gbọ́. Ilé mi tura."

"Rárá o," ni Àtinúkẹ́ á dáhùn. "Kejì yẹn ló ń wí."